Aránṣọ Tchatchou Tó Lọ Kọ́ni Bí A Ṣe Ń Ráyè

Ẹni tó bá ti gba Tchatchou, ní Benin, kọjá lọ sí Parakou á ti rí ìsọ̀ Rissikatou, bí kò tiẹ̀ mọ̀ pé òun ló ni ín. Etí títì ọ̀dà gan-an ló wà, níbi tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ti ń dúró ra iṣu. Ibi tó dára fún iṣẹ́ aránṣọ ni. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ló fẹ́ẹ̀ ya Rissikatou ní wèrè, torí kò sí ẹni tó lè kọjá níwájú ìsọ̀ náà kó má yà.

Wọ́n á ní àwọn kàn ní kí àwọn kí i ni. "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé ńkọ́? Bàbá Nasser ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Òjò àná ò ba nǹkan jẹ́ fún yín?" Ọ̀rọ̀ òjò á di ọ̀rọ̀ iṣu, ọ̀rọ̀ iṣu á di ọ̀rọ̀ kájú tí kò so dáadáa lọ́dún yìí, ẹni tó ní òun ò jókòó á sì ti fa àga. Rissikatou á máa fi ẹnu dáhùn, á máa fi ọwọ́ gé aṣọ.

Lọ́jọ́ kan, ìyá àgbà kan jókòó tì í, ó ń ròyìn orúnkún tó ń dùn ún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kí ìyá náà tó dìde, Rissikatou ti gé apá òsì méjì fún ẹ̀wù kan ṣoṣo. Aṣọ ìyàwó tuntun ni. Kò sí irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Tchatchou mọ́, àfi kó gun alùpùpù lọ sí Parakou kó máa wá a kiri lábẹ́ oòrùn. Nígbà tó fi máa padà délé, ó ti pinnu ohun tó máa ṣe.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ta aṣọ pupa kan sí ẹnu ọ̀nà ìsọ̀ rẹ̀. Ó wí fún tọmọdé tàgbà pé bí aṣọ yẹn bá ṣì wà níta, òun ò kí ẹnikẹ́ni, kí ẹnikẹ́ni má sì kí òun. Lẹ́yìn ìrun Àyílà lòun á ká a, kí ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ wá máa sọ ọ́.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn tí kò yà rí bẹ̀rẹ̀ sí í yà láti béèrè kí ni aṣọ pupa wà fún. Àwọn kan ní, "Ṣé kò sí o? Ṣé ẹnì kan ń ṣàìsàn nínú ilé ni?" Awakọ̀ kan dá ọkọ̀ iṣu dúró, ó ní òun fẹ́ ra aṣọ náà fún ìyàwó òun. Rissikatou ní kì í ṣe títà. Awakọ̀ rò pé ó fẹ́ kí òun fi kún owó ni, ó fi kún un, ó tún fi kún un, ó wá bínú lọ pé obìnrin yìí ò mọ ọjà tà.

Tonton Djamal ló tiẹ̀ wá ká a lára jù. Àbúrò bàbá Souradjou, ọkọ rẹ̀, ni Tonton Djamal. Òun ló tọ́ Souradjou dàgbà lẹ́yìn tí bàbá rẹ̀ kú, òun náà ló dúró fún un lọ́jọ́ tí wọ́n so yìgì. Ó dé iwájú ìsọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó kí ìyàwó ọmọ rẹ̀ lóhùn rara. Rissikatou kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n kò lanu. Ó nawọ́ sí aṣọ pupa, ó sì padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Kó tó di alẹ́, gbogbo ẹbí ti gbọ́ pé ìyàwó Souradjou ti sọ ìkíni di èèwọ̀.

Síbẹ̀, ọjọ́ ń gorí ọjọ́, ara wá ń mọ́ àwọn èèyàn. Àwọn tó ń kọjá á na ọwọ́ sókè láti ọ̀ọ́kán, wọ́n á máa lọ. Ìròyìn aṣọ pupa dé Tchaourou, ó sì bọ́ sí etí Moctar.

Moctar ní ẹ̀rọ fọ́tókópì nítòsí mairie, ilé iṣẹ́ ìjọba ìlú. Ọkùnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbé ibì kan ni, ohun yòówù tó bá sì rí ní Parakou, ó gbọ́dọ̀ gbé e wá sílé. Ìgbà yìí, ìpàdé kan ló rí. Ó wá bá Rissikatou ní ìsọ̀ lẹ́yìn tó ti ká aṣọ pupa.

"Bon, tata, àǹtí wa, ẹ gbọ́. A fẹ́ ṣe ìpàdé àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ní Maison des Jeunes, ilé àwọn ọ̀dọ́ wa ní Tchaourou. Kì í ṣe irú èyí tẹ́ ẹ mọ̀. Kò ní alága, kò ní àlejò pàtàkì, kò sí ẹni tó máa jókòó sókè máa bá wa sọ̀rọ̀ títí oorun á fi gbé wa lọ. Àwa tá a bá wá la ni ìpàdé. Ẹni tó bá mọ nǹkan á kọ ọ́ sórí ìwé, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ á tẹ̀ lé e lọ sí yàrá. Bí ọ̀rọ̀ ò bá sì wù yín, ẹ lo ẹsẹ̀ yín: ẹ dìde, ẹ bọ́ sí yàrá mìíràn. Kò sẹ́ni tó máa bínú."

"Kí ni mo wá mọ̀ tí mo fẹ́ lẹ̀ mọ́ ògiri?"

"Aṣọ pupa yín! Bí ẹ ṣe ń ráyè ṣiṣẹ́. Voilà. Gbogbo wa ni kò ráyè, tata."

Rissikatou wo òkìtì aṣọ tí kò tíì gé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. "Moctar, mi ò ráyè wá."

Moctar bú sẹ́rìn-ín. "Ẹni tó fẹ́ kọ́ wa bí a ṣe ń ráyè, òun náà ni kò ráyè?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ta á lára. Ìyẹn ló jẹ́ kó lọ.

Aago mẹ́jọ ni wọ́n dá. Rissikatou dé lásìkò, òun àti ẹni tó ń gbá ilẹ̀. Ó ti mọ̀ pé yóò rí bẹ́ẹ̀, ó mú ẹ̀wù kan dání tí kò tíì ká etí rẹ̀, ó jókòó, ó ń fi abẹ́rẹ́ ká a. Bí àwọn èèyàn ṣe ń dé, kálukú ń bọ gbogbo ẹni tó ti wà níbẹ̀ lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá tún dé, àwọn tó ti jókòó á dìde, ìkíni á tún bẹ̀rẹ̀ láti orí. Ọkùnrin kan ní kí a tó ṣe ohunkóhun, ó yẹ kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó wá. Òmíràn dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó dúpẹ́. Wọ́n gba àdúrà ní ti Mùsùlùmí, wọ́n gba àdúrà ní ti Kìrìsìtẹ́nì, ẹnì kan sì rántí pé a kò tíì gbàdúrà fún àwọn tó wà lọ́nà.

Rissikatou sọ lábẹ́lẹ̀ pé, "Ìpàdé tí kò ní alága! Gbogbo èèyàn ló di alága."

Nígbà tí wọ́n wá dé ìdí ògiri, ó kọ tirẹ̀ ní ìlà kan: *Bí mo ṣe ń ráyè ṣiṣẹ́ mi*. Ó rò pé èèyàn díẹ̀ ló máa wá. Yàrá kún. Ara yá a, ó dúró ṣánṣán.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ mi ò pọ̀. Àárọ̀ ni agbára wa máa ń pọ̀, àárọ̀ náà sì ni àwọn èèyàn…"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró, ẹ jẹ́ kí n kí àwọn tó wà nínú ilé." Ẹni tó pẹ́ dé ni. Ó bọ gbogbo yàrá lọ́wọ́ tán, ó wá bọ Rissikatou náà lọ́wọ́.

Ó tún bẹ̀rẹ̀. Kò tíì sọ̀rọ̀ dé ibi aṣọ tí ẹnì kan fi ní pupa kọ́ ló yẹ, àwọ̀ ewé ló ń mú ọkàn balẹ̀. Òmíràn ní pupa á lé oníbàárà. Wọ́n ń bá a fà, ẹnì kan sì ní kí wọ́n kúkú dìbò. Tíṣà kan dìde, ó ní ti òun, ìyàwó òun lòun máa ń fún ní portable òun, ìyẹn fóònù, láàárọ̀ kí ariwo má bàa dí òun lọ́wọ́. Wọ́n béèrè bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Ó ní ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àfi pé bí ẹnikẹ́ni bá ti pè, ìyàwó náà á rìn dé kíláàsì wá jíṣẹ́. Arákùnrin kan fẹ́ fi nǹkan tó wà nínú portable tirẹ̀ hàn wọ́n, èyí tó ń dún bí àsìkò iṣẹ́ kan bá parí. Nǹkan náà dún. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń pa á. Ó gbé e jáde, wọ́n ṣì ń gbọ́ ọ lẹ́yìn fèrèsé.

"Ṣé ẹ fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ mi ni àbí ẹ ò fẹ́?" Rissikatou ti ń pariwo. "Ohun tí mo wá sọ náà lẹ ń ṣe sí mi yìí!"

Kálukú padà jókòó. Ó sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní wéréwéré, gbogbo rẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, ó sì béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè.

Ọkùnrin kan tó jókòó nítòsí ilẹ̀kùn na ọwọ́. "Tata, ẹ kú ìdúró. Ayọ̀túndé lorúkọ mi, gbẹ́nàgbẹ́nà ni mí ní Sanson. Láti ìgbà tẹ́ ẹ ti ta aṣọ pupa, ṣé iṣẹ́ yín ti ń parí lásìkò?"

"Ó ń parí," ni Rissikatou wí, kíákíá.

"Ẹ ṣeun. Ohun tó jẹ́ kí n béèrè ni pé aṣọ ìyàwó mi wà lọ́wọ́ yín. Ọdún Àjíǹde ló fẹ́ fi ṣe. Àjíǹde ti lọ."

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín, wọn ò lè dáwọ́ dúró. Obìnrin elégàárì kan rẹ́rìn-ín títí gèlè rẹ̀ fi tú. Láti ẹ̀yìn, ohùn kan ké pé, "Tèmi náà wà níbẹ̀ o!" Rissikatou mọ ohùn náà. Ó mọ aṣọ náà pẹ̀lú.

Ayọ̀túndé kò rẹ́rìn-ín. "Mi ò sọ ọ́ láti fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, tata. Èmi náà ti rí bẹ́ẹ̀ rí. Mo rò pé àwọn tó ń kí mi ló ń jẹ àkókò mi. Nígbà tí mo jókòó rò ó, ẹnu mi ni. Gbogbo ẹni tó bá ti gbé igi wá, mo ń ní kó gbé e sílẹ̀."

Ojú ti Rissikatou. Ó ká ẹ̀wù ọwọ́ rẹ̀, ó ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́. "Moctar ní bí ọ̀rọ̀ ò bá wù wá, ká lo ẹsẹ̀ wa. Ọ̀rọ̀ yìí ò wù mí." Ó sì jáde kúrò nínú yàrá tí òun fúnra rẹ̀ pe èèyàn sí, ó fi wọ́n sílẹ̀ síbẹ̀.

Yàrá tó bọ́ sí, wọ́n ń sọ bí a ṣe ń fún omi jáde lára èso kájú. Ó jókòó lẹ́yìn pátápátá, kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Òkìtì aṣọ tó wà ní ìsọ̀ ló ń rí. Ó ń fọkàn dárúkọ àwọn tó ni wọ́n, bó bá sì ti dárúkọ ẹnì kan, ó ń rántí ohun tó sọ fún onítọ̀hún: "Ẹ gbé e sílẹ̀, Ọlọ́run á ṣe é." Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ fún gbogbo wọn. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ náà. Ìgbà tí ọdún bá wá dé, wọ́n á wá dúró sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n á máa bú u, òun náà á máa bú ẹ̀rọ, á máa bú iná tó lọ, á máa bú àwọn tó ń kí i.

Nígbà tí wọ́n pín ìrẹsì àti ẹ̀wà, Ayọ̀túndé gbé àwo tirẹ̀ wá jókòó sí ìtòsí rẹ̀. "Tata, ẹ má bínú."

"Mò ń bínú," ni Rissikatou wí. "Ṣé ẹ rò pé ó rọrùn ni? Igi lẹ̀ ń gbẹ́. Aṣọ tèmi, ìyá ọkọ ló ń gbé e wá, àǹtí ọkọ, ìyàwó lèmọ́mù. Ta ni mo fẹ́ sọ fún pé rárá?"

"Mi ò kì í sọ pé rárá. Mo máa ń sọ oṣù tí ọwọ́ mi á dilẹ̀, mo sì ń jẹ́ kí wọ́n gbé igi wọn padà sílé. Igi tó bá ti sùn ní ọ̀dọ̀ mi, ọkàn ẹni tó ni ín ti balẹ̀. Tèmi ni kò ní balẹ̀ mọ́."

"Wọn ò bínú sí yín?"

"Wọ́n bínú. Ẹ̀gbọ́n mi kan ò bá mi sọ̀rọ̀ títí tí ó fi ra àga níbòmíràn."

"Lẹ́yìn tó ra àga ńkọ́?"

"Kò tíì bá mi sọ̀rọ̀." Ó bu ìrẹsì sẹ́nu. "Ṣùgbọ́n mò ń sùn."

Rissikatou ní òun ò rí ìmọ̀ràn tó burú tó báyìí rí. Síbẹ̀, nígbà tó délé, aṣọ ìyàwó Ayọ̀túndé ló kọ́kọ́ rán, ó fi rán ẹnì kan tó ń lọ sí Sanson. Lẹ́yìn náà ló wá ṣe ohun tó ya Tchatchou lẹ́nu. Iléyá ti ń bọ̀. Ó tú òkìtì náà palẹ̀, ó ya èyí tó mọ̀ dájú pé òun lè rán sọ́tọ̀, ó di ìyókù sẹ́yìn alùpùpù, ó sì ń gbé e padà fún àwọn tó ni ín láti ojúlé dé ojúlé. "Ẹ máa gbé e lọ fún ẹlòmíràn kó tó pẹ́ jù. Mi ò ní lè parí rẹ̀." Àwọn kan dúpẹ́. Obìnrin kan já aṣọ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó pa ilẹ̀kùn dé. Obìnrin mìíràn sunkún gidi, bí ẹni tí wọ́n kọ̀ sílẹ̀, Rissikatou sì dúró lójú agbo ilé tó ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, inú ń bí i sí ara rẹ̀, inú ń bí i sí Ayọ̀túndé.

Lẹ́yìn èyí ni Tonton Djamal dé, ó gbé aṣọ bazin funfun tó ń dán mọ̀nà dání.

"Ìyàwó, agbádá mi fún Yídì nìyí. Ti àwọn ọmọ náà wà nínú rẹ̀."

Rissikatou kúnlẹ̀ dáadáa. "Tonton, ẹ kú ìmúra ọdún. Aṣọ yín dára gan-an. Ṣùgbọ́n ohun tí mo gbà ti kún ọwọ́ mi. Lẹ́yìn Iléyá, tiyín ni màá kọ́kọ́ rán."

"Lẹ́yìn Iléyá?" Ọkùnrin náà wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ dáadáa. "Ṣé lẹ́yìn Iléyá ni màá lọ sí Yídì?"

"Ẹ ṣàánú mi, Tonton. Bí mo bá gbà á, irọ́ ni màá máa pa fún yín títí di ọjọ́ ọdún."

"Ìkíni lo kọ́kọ́ kọ̀ fún mi. Aṣọ ló kù. Ó dáa." Ó gbé bazin rẹ̀, ó lọ.

Souradjou ti gbọ́ kó tó wọlé. Oko iṣu ló ti ń bọ̀, kò tilẹ̀ bọ́ bàtà. "Rissi, ẹni tó tọ́ mi! Ẹyọ èèyàn kan, o ò lè há a sáàárín?"

"Bàbá Nasser, sọ fún mi, aṣọ ta ni kí n yọ kúrò? Ti ìyá rẹ? Dárúkọ ẹnì kan, kí n yọ ọ́."

Souradjou yí padà, ó gba ilé Tonton lọ. Nígbà tó dé, ó ní òun ti bẹ Tonton, Tonton ò sì gbẹ̀bẹ̀.

Ẹ ó rò pé Tonton Djamal gbé aṣọ rẹ̀ fún aránṣọ tó bà á jẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Aránṣọ kan ní Parakou ló rán an, ó sì rán an débi pé gbogbo Yídì ló ń wo agbádá náà. Iṣẹ́ ọnà ọrùn rẹ̀ nìkan, Rissikatou ò lè ṣe é. Ó rí i kedere, torí pé òun náà wà ní Yídì. Láti ìgbà tó ti ṣí ìsọ̀, kò lọ sí Yídì lọ́jọ́ Iléyá rí, ìdí ẹ̀rọ ni ọdún máa ń bá a. Lọ́dún yìí, ó ti gbé aṣọ tó kẹ́yìn fún ẹni tó ni ín ní ọjọ́ Àráfà, ọjọ́ tó ṣáájú ọdún, ó wẹ̀, ó wọ ẹ̀wù tó rán fún ara rẹ̀, ó dúró láàárín àwọn obìnrin, ó kírun. Nígbà tí wọ́n forí kanlẹ̀, omi bọ́ lójú rẹ̀, kò mọ ìdí.

Nígbà tí wọ́n ń túká, Tonton Djamal kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Rissikatou kúnlẹ̀ kí i kú ọdún. Ó dáhùn ní kúkúrú, ó sì ń lọ.

Ẹran tí Tonton máa ń fi ránṣẹ́ sílé wọn kò dé lọ́dún náà. Souradjou ń wo ojú ọ̀nà títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Títí di òní, bí ọ̀rọ̀ náà bá jáde, Souradjou á ní ó yẹ kó gba aṣọ náà, Rissikatou á ní kò yẹ, kò sì sí ẹni tó tíì borí ẹnì kejì.

Lọ́jọ́ kẹta ọdún, ó gun alùpùpù lọ sí Bétérou lọ kí ìyá rẹ̀. Ìyá náà rí i lókèèrè, ó dìde lórí àpótí, ó gbá àyà mú. "Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Ìyá. Ọdún ni mo wá kí yín."

"Láàárín ọ̀sẹ̀ ọdún? Ìwọ?" Ó fọwọ́ kan ọrùn ọmọ rẹ̀ bóyá ara rẹ̀ gbóná. Nígbà tó rí i pé kò sí nǹkan kan, inú rẹ̀ dùn, ó sì wọlé lọ. Ohun tó gbé jáde kì í ṣe oúnjẹ. Àǹkárá tuntun ni, wọn ò tíì tú u. "Ọlọ́run ló rán ọ wá. Ìgbéyàwó ọmọ Àbẹ̀kẹ́ ń bọ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i…"

Rissikatou dijú. Ó mí kanlẹ̀. "Ìyá, oṣù tó ń bọ̀ ni ọwọ́ mi máa dilẹ̀. Ẹ jẹ́ kó ṣì wà lọ́dọ̀ yín."

"Èmi? Èmi tí mo bí ọ? Ta ló kọ́ ọ ní irú ọ̀rọ̀ yìí?"

"Ìpàdé kan ni mo ti gbọ́ ọ, ní Tchaourou."

"Kí wọ́n má pè ọ́ síbẹ̀ mọ́." Ìyá náà ká aṣọ rẹ̀, ó ń kùn, ó gbé e padà wọlé. Láti inú yàrá ló ti ké sí i pé kó lọ fọ ọwọ́, iyán ti wà nílẹ̀.